Ẹ̀rù a Máa Yí Ojú Padà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó fún wa ní etí, ojú àti ọkàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ejò ni ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amygdala. Kí ojú tó wo nǹkan délẹ̀, òun ti lè kéde pé ewu dé. Àyà á já, ẹyinjú á là. Àánú Ọlọ́hun ni, ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ohun tó yára lè ṣì wá lọ́nà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti pa Olúkòrò ti Kòrò, Ọ̀gágun Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, ní February 2024, ta ni nínú wa, láti Ọ̀sì dé Ìlọ́fà, tí ìró ọ̀kadà lọ́nà oko kì í já láyà? Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Suratul-Ahzab (33:10) fi hàn wá pé ojú àwọn sàábé pàápàá yẹ̀ lọ́jọ́ ogun, ọkàn wọn sì gòkè dé ọ̀fun. Ohun tí a bá fi ẹ̀rù náà ṣe ni a ó jíhìn rẹ̀.

Ẹ wo Uromi, ní ìpínlẹ̀ Edo, ní 27 March 2025, nínú Ràmàdánì. Àwọn ọdẹ kan ń padà lọ sí Kano láti ṣe ọdún ìtúnu àwẹ̀. Wọ́n dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n rí ìbọn ìbílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ni èrò bá ní ajínigbé ni wọ́n. Ó kéré tán, èèyàn 16 ni wọ́n pa.

Èyí gan-an ni Suratul-Hujurat (49:6) ń kìlọ̀ fún wa: bí arúfin bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀, kí á má baà ṣe aláìmọwọ́mẹsẹ̀ níbi, kí á wá máa kábàámọ̀.

Ẹ̀yin arákùnrin tí ẹ ń ṣọ́ òru, ẹ bi àjèjì léèrè ọ̀nà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bá yín wò ó, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ bó bá fu yín lára. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má kígbe "ajínigbé" lọ́jà kí ó tó dá yín lójú. Igbe náà ni yóò yí ojú ẹlòmíràn padà.

Kí Ọlọ́hun fi wá lọ́kàn balẹ̀, kí Ó má sì jẹ́ kí á ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Àmín.