Àyànmọ́ àti Akitiyan: Ẹ̀kọ́ Inú Ìborùn Àkọ́kọ́

Bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lè tún ohun tí ó yàn ní ọ̀run ṣe jẹ́ ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Yorùbá kò yé gbé yẹ̀ wò. Nínú ìwé Olódùmarè: God in Yoruba Belief tí ó jáde ní 1962, Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín ń gbà di ti ẹni: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ gbà, àti àyànmọ́, èyí tí a yàn mọ́ ọn. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ní tirẹ̀ tẹnu mọ́ ẹsẹ̀, tí ó dúró fún akitiyan, tí orí tí ènìyàn yàn kò lè dé ibi kankan láìsí i. Ibi tí agbára ẹsẹ̀ mọ ni àríyànjiyàn wà, iṣẹ́ kíróṣè tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ní Agbówó àti Bódìjà ní Ìbàdàn sì lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Ẹni tí ó ń hun ìborùn fún ìgbà àkọ́kọ́ kò nílò ju òwú wúùlù, pínnì kíróṣè tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, àti oríṣi ojú méjì. Ṣéènì ni ìpìlẹ̀, ìyẹn fífa òwú gba inú ojú tí ó wà lórí pínnì kọjá. Dọ́bù ni ó tẹ̀ lé e: ahunṣọ yóò ká òwú mọ́ pínnì, yóò ti pínnì bọ inú ojú ìlà ìsàlẹ̀, yóò fa òwú jáde kí ojú mẹ́ta lè wà lórí pínnì, yóò sì fa òwú gba inú wọn ní méjì méjì títí yóò fi ku ẹyọ kan.

Ìparí ìlà ni ewu wà. Ṣéènì mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún dọ́bù kan, ṣùgbọ́n nítorí pé kò jọ ojú, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ a máa fò ó nígbà tí ó bá padà dé ibẹ̀. Kò sí ìlà kan tí ó burú lójú, síbẹ̀ ìborùn náà ń fún sí i, àfi ẹni tí ó bá ń ka ojú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni yóò tètè mọ̀. Kò sí akitiyan tí yóò sọ òwú dúdú di funfun, ṣùgbọ́n fífún tí ìborùn fún kò sí nínú òwú. Bí ó bá fa òwú náà, gbogbo ìlà yóò tú; òwú yóò ká kò-kò-kò fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣeé hun.

Ìtàn Ifá nípa Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Oríṣeékú àti Orílẹ̀ẹ́mèrè, dà bí ẹni pé ó tako èyí, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ náà ṣiṣẹ́ títí, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n yàn lọ́dọ̀ Àjàlá, amọ̀kòkò tí ó ń mọ orí ní ọ̀run, kò dára, làálàá wọn sì já sí asán. Síbẹ̀, ohun tí ó ya Afùwàpẹ́ sọ́tọ̀ ni pé ó yà lọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀ láti gba ìmọ̀ràn, ó sì rúbọ, nígbà tí àwọn yòókù kò dúró. Ìtàn náà kò gan akitiyan. Akitiyan tí kò bèèrè ni ó bá wí.

Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wọ́ ní ayé ẹni ni ó ti ọ̀run wá. Ẹni tí ó ń ka ojú, tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ju òun lọ, tí ó sì gbà láti tú, ń ṣe ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn ń pè ní ìrònúpìwàdà. Ẹni tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó tú ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àṣìṣe di àyànmọ́.