Ṣé Dandan Ni Kí Òǹkọ̀wé Mọ Òpin Ìtàn Rẹ̀?

Nínú ẹ̀kọ́ àròkọ, ìlapa èrò ni a kọ́kọ́ máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. A ó ní kí ó to kókó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ó tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ọgbọ́n àgbà wà nídìí ìlànà yìí: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Èmi náà ń fi kọ́ni, n kò sì ní í yé fi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ìlànà yìí kò dáhùn. Ẹni tó ń kọ ìtàn iwin àti ẹ̀dá abàmì, ǹjẹ́ ó ń ṣe òótọ́ sí òǹkàwé bí òun fúnra rẹ̀ kò bá mọ ibi tí ìrìn-àjò náà yóò parí sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo J.R.R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní Yunifásítì Oxford. Lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀, The Hobbit, jáde ní 1937, àwọn atẹ̀wé rẹ̀ béèrè fún òmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ló bẹ̀rẹ̀ The Lord of the Rings. Àárín 1954 sí 1955 ni ìwé náà tó jáde ní apá mẹ́ta. Àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ Christopher tẹ̀ jáde láti 1988 sí 1992, fi hàn pé ó máa ń ṣe ìlapa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kọ̀wé lọ, ìtàn a yà sí ọ̀nà mìíràn. Ẹlẹ́ṣin tó kọ́kọ́ yọ sí àwọn arìnrìn-àjò lójú ọ̀nà, Gandalf ọ̀rẹ́ wọn ni. Kò pẹ́ tó fi di ọ̀tá aláṣọ dúdú. Àjèjì tí wọ́n bá pàdé nílé èrò ní Bree, ẹ̀dá kúkurú bíi tiwọn ni nígbà náà, Trotter sì ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn àtúnkọ púpọ̀ ló tó di Aragorn, àrólé ọba.

Àwọn kan lè pe èyí ní àìbìkítà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé la ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Kí 1937 tó dé, ó ti lé ní ogún ọdún tí Tolkien ti ń ṣẹ̀dá èdè, orin àti ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ fún ayé inú ọkàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníjàálá wa rí. Kò sí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tí yóò bá lójú agbo fún un tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ bí ó bá ti fojú kan ọmọ ìdílé kan, oríkì ìdílé náà a máa dà lẹ́nu rẹ̀. Kò to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ìlapa bá ní kí ẹ̀dá ìtàn kan da ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ìwà tó ti ń hù láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì gbà á, òǹkọ̀wé tó bá fipá mú un ṣe bẹ́ẹ̀ ń parọ́ fún wa. Ìlapa náà kò yẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ti sọnù.

Síbẹ̀, òmìnira yìí ní gbèsè tirẹ̀. Ní 1993, George R.R. Martin, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí aṣojú rẹ̀ pé ìwé mẹ́ta ni ìtàn òun yóò jẹ́. Ìwé àkọ́kọ́, A Game of Thrones, jáde ní 1996; ìkarùn-ún jáde ní 2011, àwọn òǹkàwé sì ti ń retí ìkẹfà láti ìgbà náà. N kò bú u. Mo kàn ń tọ́ka sí iye tí òmìnira ń náni ni. Tolkien san tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun kọ ìtàn náà dé òpin, àfi bí òun ṣe tún un kọ, tí òun sì ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mi pé òun fẹ́ kọ ìtàn láìṣe ìlapa, n kì í dí i lọ́wọ́. Ìbéèrè méjì péré ni mo máa ń bi í: kí lo ti kó jọ kí o tó jókòó? Ṣé wàá sì padà wá tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ nígbà tí o bá mọ òpin? Ẹni tó bá lè dáhùn méjèèjì kò rẹ́ òǹkàwé jẹ.