Òótọ́ Ohùn àti Adùn Etí

Àwọn àgbà ní èyí wù mí kò wù ọ́ ni kì í jẹ́ kí a pa owó pọ̀ fẹ́ obìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ fi dá mi lóhùn ní ọjọ́ tí mo bi í léèrè ìdí tí ó fi lo oṣù mẹ́ta gbáko láti yan ẹ̀rọ méjì péré tí yóò máa fi gbọ́ orin Haruna Ìṣọ̀lá nílé rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yìí yóò di àríyànjiyàn láàárín wa, àti pé ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kọjá ti ẹ̀rọ: ǹjẹ́ ohun tí ó dùn mọ́ ni létí ni ó yẹ kí a máa wá ni, tàbí ohun tí ó jẹ́ òótọ́?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ náà ń ṣe. Nígbà tí síídì dé orí àtẹ ní ọdún 1982, òǹkà ni a sọ ohùn dà kí a tó fi í pamọ́ sínú rẹ̀. Ìgbà 44,100 ni a ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan a sì bọ́ sí ọ̀kan nínú ipele 65,536. Ṣùgbọ́n etí ọmọ ènìyàn kò gbọ́ èdè òǹkà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní DAC ni ògbufọ̀ tí ń sọ òǹkà náà padà di iná mànàmáná tí ń lọ sókè sódò bí ohùn ti ń ṣe. Pírí-áńpù ni ó tẹ̀ lé e. Òun ni a fi ń yan ohun tí a fẹ́ gbọ́, tí a sì fi ń dín ohùn kù tàbí kí a fi kún un, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ áńpù ńlá tí ń gbé e fún sípíkà.

Àwọn DAC òde òní tí a ṣe dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Bí a bá di ènìyàn lójú, tí a sì rí i pé fọ́lúùmù wọn dọ́gba, ọ̀pọ̀ ni kò ní í mọ èyí tí ń dún. Mo tẹnu mọ́ fọ́lúùmù nítorí pé etí a máa tan ni jẹ: èyí tí ohùn rẹ̀ bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ ni a óò sọ pé ó dára jù. (Àwọn ọlọ́jà mọ èyí dáadáa.) Ọ̀dọ̀ pírí-áńpù ni ìyàtọ̀ ti lè pọ̀. Irú èyí tí ń lo gílóòbù bí ti redio ayé àtijọ́ a máa fi ohùn tí kò sí nínú àwo kún ti inú àwo: bí ohùn kan bá ti jáde, yóò bu díẹ̀ lára èyí tí ó ga ní ìlọ́po méjì rẹ̀ sí i, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Etí fẹ́ràn rẹ̀. Irú èyí ni ẹ̀gbọ́n mi rà. Nígbà tí agídìgbo bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú pálọ̀ rẹ̀, èmi náà gbà pé adùn ń bẹ níbẹ̀. Ó sì yí bọ́tìnnì tí ń dín ohùn tín-ín-rín kù, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ má baà máa ha òun létí.

Bí ó bá mọ sí pálọ̀ ni, n kì bá tí kọ àròkọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ náà wá sí ẹ̀ka wa, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe àdàkọ ìjálá tí a ti gbà sórí téèpù láti ẹnu àgbà ọdẹ kan tí ó ti di olóògbé. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà dùn mọ́ wọn, ó sì dùn mọ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ìwé wọn wò, akọni tí ó ṣá ti di ojo tí ó sá. Ohùn tín-ín-rín tí bọ́tìnnì yẹn pa mọ́lẹ̀ ni ó ń ya kọ́ńsónáǹtì méjèèjì sọ́tọ̀.

Mo mú ẹjọ́ náà tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní, “Àbúrò, ta ni ó sọ fún ọ pé ẹ̀rọ tìrẹ ni ó ń sọ òótọ́? Okùn tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohùn tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kò tó 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, bẹ́ẹ̀ ni ti ọkùnrin kì í sábà ju 150 lọ bí ó bá ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ǹjẹ́ o ṣi ohùn ìsàlẹ̀ mi gbọ́ rí lórí tẹlifóònù? Etí rẹ ni ó ń dá ohun tí kò sí níbẹ̀ ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Etí kì í ṣe igbá tí a kàn ń bu omi sí. Òun náà ń ṣe iṣẹ́ ọnà tirẹ̀. Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa ni etí ń ṣe èyí fún bákan náà, òun ni a sì fi ń gbọ́ ara wa yé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀yin nìkan ni bọ́tìnnì yẹn wà.” Lójú tèmi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ra ohun tí ó wu etí rẹ̀. Àwọn kan wà tí ń fi irú rẹ̀ ṣẹ̀sín, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ dípò kí wọ́n gbọ́ orin; n kò sí lára wọn. Haruna Ìṣọ̀lá ti papò dà láti ọdún 1983, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ wà ní ilé púpọ̀. Bí ẹnìkan bá fi iyọ̀ sí tirẹ̀, ti ẹlòmíràn ń bẹ níbẹ̀ láìlábùlà. Téèpù ọdẹ yìí kò ní ìkejì. Ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ kò sì sí láyé láti wí pé, “N kò wí bẹ́ẹ̀.”

A tún àdàkọ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ olóògbé náà wá bẹ̀ wá wò. A fi ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́ ìjálá bàbá rẹ̀ sí i létí. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni ó nawọ́ sí. Ó ní bí bàbá òun ti ń dún nínú ilé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ó fẹ́ lọ, a da fáìlì náà fún un gẹ́gẹ́ bí a ti gbà á láti orí téèpù, òǹkà lásán, láìfi ti gílóòbù tàbí ti bọ́tìnnì kún un. Ẹ̀gbọ́n mi sì kọ orúkọ pírí-áńpù rẹ̀ sí ìwé pélébé kan, ó fi lé e lọ́wọ́.