Yétúndé: Ìyá padà dé, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ ni ọmọ yàn

 

Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í yéé bi mí: "Bàbá, ṣé ìyá wa tó kú ló padà wá ní tòótọ́, tí a fi ń pe ọmọ yìí ní Yétúndé?" Ẹ̀rù ló ń ba ẹlòmíì tó fi ń béèrè. Wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé ìyá-àgbà rẹ̀ jìyà nílé ọkọ, pé òun náà á jẹ ẹ́. Orúkọ wá di ẹrù lórí ọmọ. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

"Yé" tó wà níbẹ̀, yèyé ni, ìyẹn ìyá. Òun náà ló wà nínú Yemọja, Yèyé-ọmọ-ẹja. Yèyé tún dé ló di Yétúndé; Ìyábọ̀ àti Yéwándé kò jìnnà sí i. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn tí ìyá-àgbà rẹ̀ papòdà ló ń jẹ́ ẹ. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ obìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin. Wọ́n á sì gbé ọmọ síwájú Ifá fún àkọsẹ̀jayé, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tó bá wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ìyá kan lè kú, kí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta bí obìnrin, kí gbogbo wọn máa jẹ́ Yétúndé. Síbẹ̀ a ṣì ń lọ sójú oórì ìyá náà, a ń pè é, a ń bọ ọ́. Báwo ló ṣe wà lọ́run, tó tún wà nílé mẹ́ta? Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè lọ́dún 1962. Yíyà ọmọ ni àwọn baba wa ń pè é. Ìyá yà lára ọmọ: ojú rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ohùn rẹ̀. Kò tìtorí ìyẹn kúrò lọ́run.

Orí wá ńkọ́? Ẹ rántí ìtàn inú ẹsẹ Ifá. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì yẹn kánjú, wọ́n gbé orí tí kò jinná. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó sì rí ẹni ràn án lọ́wọ́ láti yan orí rere. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ kò gbé orí baba rẹ̀ wá sáyé. Ó yan tirẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Yétúndé. Ìyá-àgbà lè fún un lójú àti ìrìn. Kò gbé ìyà rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ òkú na ọmọ. Ẹ má sì torí pé "ìyá wa ni" kẹ́ ẹ bà jẹ́. Bó bá ṣì ṣe, ẹ tọ́ ọ sọ́nà. Ìwọ tí wọ́n sì ní kó o pa orúkọ náà dà, má bẹ̀rù. Ìkíni káàbọ̀ ni wọ́n fi kí ọ, kì í ṣe ìdájọ́. Bọ orí rẹ, hu ìwà rere.

Orí wa kò ní gbàbọ̀dè.