Ta Ni Ó Ni Ilé Àtijọ́?

Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa bá ti Kàdúná lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì St. Bartholomew ní Wusasa, lẹ́bàá Zaria, ilé alámọ̀ ti 1929 ni wọn yóò bá. Bí a kò bá ń rẹ́ ògiri amọ̀, òjò yóò wó o. Òkúta pàápàá kò yàtọ̀: ṣọ́ọ̀ṣì Vézelay ní ìgbèríko Faransé, tí a fi òkúta kọ́ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kí a tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní 1840.

Ta ni ó ha ni irú ilé bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó kọ́ ọ ni, àti ẹni tí kò jẹ́ kí ó wó. Ọmọ tí ó kàn ń wo ilé baba rẹ̀ níran kò tíì jogún rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá padà dé, ẹ béèrè ògiri tí ó kù fún yín láti rẹ́.