Ìjẹ́wọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín lóṣù yìí. Bí èèyàn bá rẹ́ni jẹ, tí ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́, tó wá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ṣé olóòótọ́ ni ká pè é ni àbí òmùgọ̀?

Ọ̀rọ̀ Marty Robbins, olórin Amẹ́ríkà, ló fà á. Ẹni tó bá gbọ́ rédíò ní Èkó láyé ìjọ́un á mọ irú orin tó ń kọ, orin kántírì tí Jim Reeves fi wọ̀ wá lára. Ọdún 1925 ni wọ́n bí Robbins ní Arizona. “El Paso” tó gbé jáde ní 1959 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orin nìkan kò tó o, ó tún ń wa ọkọ̀ nínú ìdíje NASCAR, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní 1970.

Ní oṣù Karùn-ún, 1972, ní Talladega, ọkọ̀ rẹ̀ ń sáré ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn aláṣẹ fẹ́ fún un lẹ́bùn awakọ̀ tuntun tó peregedé jù. Robbins ní òun ò gbà. Ó ní òun ti yọ ohun tí òfin ní kó máa dín afẹ́fẹ́ kù ní kàbúrétọ̀, òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí béèyàn bá wà níwájú ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Ká ní òṣìṣẹ́ kan, ní ilé-iṣẹ́ kan láàárín Ìkejà sí Agége, yọ irin ààbò ara ẹ̀rọ kí iṣẹ́ lè yá. Tirẹ̀ wá pọ̀ ju ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọdún parí, ọ̀gá fẹ́ gbé fíríìjì fún un. Mélòó nínú wa ló máa ní, “Ọ̀gá, ẹ dúró ná”? Ìyàwó á ní orí ọkọ òun ti dàrú.

Ẹlòmíì á ní Robbins ti jẹ adùn tán kó tó jẹ́wọ́. Òótọ́ ni. Ìjẹ́wọ́ kò sọ èrú di ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn yẹn, ti ẹlòmíì ni, Robbins kò sì gbé e lọ sílé. Ìjẹ́wọ́ tí kò dá nǹkan kan padà fólóhun, ẹnu lásán ni.

Ní oṣù Kẹwàá, 1974, ní Charlotte, ọkọ̀ Richard Childress dúró gbagidi lójú ọ̀nà, Robbins ń bọ̀ lẹ́yìn tòun ti eré. Dípò kó kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí ọkọ̀ tirẹ̀ sára ògiri. Egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́, ojú rẹ̀ ya. Childress yè, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ olówó ọkọ̀ nínú eré náà. Kò sí àyè àròjinlẹ̀ nírú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ohun téèyàn ti fi kọ́ra ló ń jáde. Lọ́jọ́ méjèèjì, Robbins kò jẹ́ kí ẹlòmíì san gbèsè òun.

Ó kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, 1982, lẹ́ni ọdún 57.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Kí ló dé tá ò lè lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà? Ẹ̀yin tí wọ́n fẹ́ pè síwájú gba ẹ̀bùn, kẹ́ ẹ tó nawọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: fíríìjì yìí, ta ló ni ín?