Ẹ̀rí Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀

Ògì ni ìyá mi tà títí ó fi darúgbó. Kì í jẹ́ ká fún aṣọ asẹ́ rẹ̀ tagbáratagbára. Á ní, "Ihò rẹ̀ á fẹ̀, èèrí á bá ògì lọ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo sọ fún dókítà pé ìtọ̀ mi ń hó bí omi ọṣẹ.

"Bàbá, asẹ́ bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Ìṣùpọ̀ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín ju irun lọ ni. Ṣúgà ti ń ba iṣan yẹn jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru sì tún ń tì í. Purotéènì tó yẹ kó dúró ló ń jò yẹn."

Ó kọ oògùn méjì fún mi. Losartan ń fẹ ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú asẹ́ náà. Dapagliflozin ń fún èyí tó ń gbà wọlé díẹ̀, kí agbára ẹ̀jẹ̀ lè rọlẹ̀ níbẹ̀. Èyí ẹ̀kejì tún ń da ṣúgà sínú ìtọ̀. Kò pẹ́ tí èèrà fi ṣù bo ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa. Àyà ìyàwó mi já: àmì tí àwọn àgbà fi ń dá ìtọ̀ ṣúgà mọ̀ ló tún dé! Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́.

Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò san. Kò tàn mí: asẹ́ tó ti kú kì í jí, èyí tó kù là ń ṣọ́.

Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ mi ti kọsẹ̀. Ẹni tó ju ọ̀pá nù ló ń jẹ́rìí ní ìjọ wa. Arákùnrin kan tilẹ̀ ní ẹni tó ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́ ti gbà fún àrùn. Ṣùgbọ́n èèpo igi ápù ni ìmọ̀ oògùn ẹlẹ́èrà yìí ti ṣẹ̀, láti 1835 tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti yọ èròjà kan lára rẹ̀. Ta ló dá igi? Bí Ọlọ́run bá la òkun lẹ́ẹ̀kan, a ní iṣẹ́ ìyanu ni. Èyí tó ń dá òkun dúró létí lójoojúmọ́, tí kò jẹ́ kó bo ìlú, kí là ń pè é?

Àìmọ inú rò ni àìmọ ọpẹ́ dá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dìde jẹ́rìí: ní èṣí, òṣùwọ̀n iṣẹ́ kíndìnrín mi jẹ́ 44, lọ́dún yìí, 43. Ìjọ ò mọ̀ bóyá kí àwọn pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi nìkan ló ké Halelúyà.